Ìwọ̀n Ìyàtọ̀ Àárín Ìlù Ọkàn Ọmọ Inú Oyún: Àgbéyẹ̀wò fún Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọkàn ọmọ inú oyún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní nǹkan bí ọjọ́ 22 lẹ́yìn tí oyún bá ti sọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ dájú pé àwọn ti fẹ́ra kù. Iye ìgbà tí ó ń lù ní ìṣẹ́jú kan kì í dúró sójú kan. Bí àwọn oníṣègùn ṣe ń ka ọjọ́ orí oyún, èyí tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn, ìlù náà máa ń tó nǹkan bí 110 ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ń gòkè dé nǹkan bí 170 ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, lẹ́yìn náà ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wà láàárín 110 àti 160 nígbà tí oyún bá gbó. Iye yìí ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ń wá nígbà tí ó bá gbé ẹ̀rọ lé ikùn aboyún. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kejì wà tí ó fara pamọ́ sínú ti àkọ́kọ́, òun sì ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé: bí àkókò tí ó wà láàárín ìlù kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ṣe ń gùn tí ó sì ń kúrú láti ìlù dé ìlù. Bí ọkàn ọmọ kan bá ń lù nígbà 140 ní ìṣẹ́jú kan, àlàfo tí ó wà láàárín ìlù méjì yóò jẹ́ nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ǹdù 429 tí wọ́n bá pín in dọ́gba, mìlísẹ́kọ́ǹdù kan sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú ọmọ tí ara rẹ̀ dá, àlàfo náà kì í dọ́gba. Ọ̀kan lè jẹ́ 424, èkejì 431, ẹ̀kẹta 436. Ìyàtọ̀ kékeré yìí, tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, ni àwọn onímọ̀ ń wọ̀n.

Ọkàn tí ìlù rẹ̀ dọ́gba láìyẹ̀ rárá ni ó yẹ kí ó kó àníyàn bá oníṣègùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀ka iṣan méjì ni ọpọlọ fi ń darí ọkàn láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀: ẹ̀ka kan ń mú un yára, èkejì, tí ó ń gba inú iṣan fégọ́ọ̀sì láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá sí àyà, ń dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí atukọ̀ ojú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ṣe ń fi àjẹ̀ tún orí ọkọ̀ ṣe nígbà gbogbo, tí ọkọ̀ sì ń yà díẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀ sósì nítorí pé ọwọ́ wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ àárín ìlù ṣe jẹ́ ẹ̀rí pé ọpọlọ ọmọ ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn rẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn ọ́síjìn tí ń gba inú olóbì àti ìwọ́ wọlé bá dín kù fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ àti ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ìyàtọ̀ náà yóò sì máa parẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan lè ṣì wà láàárín 110 àti 160. Níhìn-ín gan-an ni ìwọ̀n yìí ti níye lórí, nítorí ọmọ kan lè ní iye ìlù tí gbogbo ènìyàn yóò yìn kí ó sì wà nínú ewu.

Síbẹ̀, àìsí ìyàtọ̀ kò túmọ̀ sí ewu nígbà gbogbo, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí ti ṣòro. Ọmọ inú oyún ń sùn, oorun rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ lè tó 50 ìṣẹ́jú, ní àkókò yẹn ìyàtọ̀ àárín ìlù máa ń kéré bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe é. Ọjọ́ orí oyún náà ní ipa tirẹ̀: bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ni iṣan fégọ́ọ̀sì ń lágbára sí i, tí ìlù ń rọlẹ̀, tí ìyàtọ̀ sì ń pọ̀ sí i, débi pé ohun tí ó tọ́ fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 26 kò tọ́ fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 38. Oògùn pẹ̀lú ń dá sí i. Abẹ́rẹ́ betamethasone, tí wọ́n ń fún ìyá kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó nígbà tí ìbí àìpọ́jọ́ bá ń bọ̀, máa ń dín ìyàtọ̀ kù ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, kí ó tó padà sípò. Pethidine tí ń dín ìrora ìrọbí kù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Magnesium sulphate tí wọ́n fi ń dènà gìrì aboyún lè dín in kù díẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìlù ọkàn láìbéèrè abẹ́rẹ́ tí ìyá gbà àti wákàtí tí ó gbà á kò tíì kà á.

Ìtàn ìwọ̀n yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú etí. Ní ọdún 1818, François Mayor ní Geneva sọ pé òun gbọ́ ọkàn ọmọ nígbà tí òun gbé etí lé ikùn aboyún; ní 1821, Kergaradec, oníṣègùn ará Faransé tí ó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́hùn àyà tí Laennec ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, ka ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní Paris, ó sì dá a lábàá pé gbígbọ́ ìlù náà lè jẹ́ kí wọ́n mọ ìlera ọmọ. Adolphe Pinard, ará Faransé mìíràn, ni ó fún ayé ní fèrè ìgbọ́kàn-ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ títí di òní, tí ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí Nàìjíríà. Fèrè yìí kò fẹ́ iná, kò fẹ́ bátìrì, ó sì ń sọ òtítọ́ fún ẹni tí ó bá ní sùúrù láti kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ohun tí kò lè sọ ni ìyàtọ̀ àárín ìlù.

Kí ìyàtọ̀ tó di ohun tí wọ́n lè rí, iná ara ọkàn ni wọ́n ní láti kọ sórí ìwé. Max Cremer ní Jámánì ni ó kọ́kọ́ gba iná ọkàn ọmọ láti ara ìyá ní 1906. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí Edward Hon, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, tó sọ ọ́ di ohun èlò fún yàrá ìbímọ, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1958. Ní 1963, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Lee, ṣàkíyèsí pé nígbà tí ìyà bá ń bọ̀ wá jẹ ọmọ, àlàfo àárín ìlù ni ó ń kọ́kọ́ yí padà kí iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan tó yí. Àkíyèsí yìí ṣe pàtàkì kọjá ọmọ inú oyún, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìwé kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlò ìyàtọ̀ ìlù ọkàn nínú ìṣègùn. Lẹ́yìn náà ni Caldeyro-Barcia ní Uruguay àti Hammacher ní Jámánì fi kún un, títí ẹ̀rọ CTG, tí ń kọ ìlù ọkàn ọmọ àti ìsúnkì ilé ọmọ sórí pépà kan náà, fi dé ọjà ní 1968.

Ẹ̀rọ CTG tí ó wà káàkiri lónìí kì í ka iná ọkàn. Ìgbì ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ó ń rán wọ inú ikùn, tí ìgbì náà bá ara ọkàn tí ń mì, tí ó sì padà pẹ̀lú ìyípadà tí wọ́n ń fi orúkọ Doppler pè. Nítorí pé ìró tí ó padà kò mú gbọnrangandan, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ ní láti fi ìlù mélòó kan wéra kí ó tó pinnu, nípa bẹ́ẹ̀ ó ń bu ìyàtọ̀ ìlù sí ìlù jẹ. Ohun tí ojú ń rí lórí pépà ni bí ìlà ṣe ń gbọ̀n sókè sódò láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlànà tí àjọ àgbáyé àwọn oníṣègùn ìgbẹ̀bí, FIGO, gbé jáde ní 2015 sọ pé gbígbọ̀n tí ó wà láàárín ìlù 5 àti 25 ni ó tọ́, pé èyí tí ó bá kéré sí 5 fún ohun tí ó lé ní 50 ìṣẹ́jú ń fẹ́ àkíyèsí, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ó bá lé ní 25 fún ohun tí ó lé ní 30 ìṣẹ́jú. Ìlà tí ń lọ ní ìgbì mẹ́ta sí márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, tí ó dán tí ó sì rí bákan náà fún ìdajì wákàtí, lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti gbẹ.

Ojú ènìyàn kì í ṣọ̀kan, oníṣègùn méjì lè ka pépà kan náà sí ọ̀nà méjì. Nítorí èyí ni Geoffrey Dawes àti Christopher Redman ní Oxford fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ń pín ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 16, tí ó ń wá ìpíndọ́gba àlàfo nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń wọn bí ìpín kan ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn án. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó ń jáde, ní mìlísẹ́kọ́ǹdù. Tí ó bá wálẹ̀ ju 3 lọ, ewu pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti kan nítorí àìtó ọ́síjìn ga gan-an. Ìwádìí TRUFFLE ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015 lórí obìnrin 503 tí ọmọ inú wọn kò dàgbà bó ṣe yẹ, lo irú nọ́ńbà yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tí ń sọ ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ jáde, ó sì fi ààlà rẹ̀ sí 3.5 kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 29, àti 4 láti ìgbà náà dé ọ̀sẹ̀ 32.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ìyàtọ̀ ìlù sí ìlù gan-an gbọ́dọ̀ padà sí iná ọkàn. Wọ́n lè fi àlẹ̀mọ́ sí ikùn ìyá kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n iná ọmọ kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ 28 àti 34, ọ̀rá funfun tí ń bo ara ọmọ máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ó bani nínú jẹ́ pé àkókò tí ọ̀rá yìí ń dí ọ̀nà náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru oyún lè le, tí oníṣègùn yóò sì fẹ́ ìmọ̀ náà gidigidi. Ọ̀nà kan wà tí kò bìkítà fún ọ̀rá, ìyẹn kíka agbára òòfà tí ọkàn ń tú jáde. Ní Jena ní Jámánì, Dirk Hoyer àti Uwe Schneider ti fi í wọn bí iṣan tí ń darí ọkàn ṣe gbó tó nínú ọmọ. Ṣùgbọ́n ó nílò yàrá tí òòfà ayé kò lè wọ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi hílíọ́mù olómi mú tutù dé nǹkan bí òdì 269 lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí náà yóò pẹ́ nílé ìwádìí.

Ṣé gbogbo ìwọ̀n yìí ń gba ọmọ là? Àkójọ ìwádìí Cochrane tí Alfirevic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ní 2017, tí ó kó ìdánwò 13 àti obìnrin tí ó lé ní 37,000 pọ̀, fi CTG tí kò dáwọ́ dúró wé fífi etí gbọ́ ní àsìkò-àsìkò nígbà ìrọbí. Gìrì ọmọ tuntun dín kù sí ìdajì. Ikú ọmọ kò yàtọ̀, àbùkù ọpọlọ tí ń sọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ di aláìlágbára kò yàtọ̀, ìbí oníṣẹ́ abẹ sì fi 63 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìdánwò INFANT, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017 lórí obìnrin tí ó lé ní 46,000 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, fi kọ̀ǹpútà ran àwọn tí ń ka CTG lọ́wọ́, síbẹ̀ kò sí ìlọsíwájú nínú ìlera àwọn ọmọ. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kí wọ́n má ṣe lo CTG tí kò dáwọ́ dúró fún obìnrin tí ara rẹ̀ dá tí ìrọbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀; kí wọ́n fi Doppler alámùúlọ́wọ́ tàbí fèrè Pinard gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 nígbà tí ọ̀nà ń là, àti ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nígbà tí ìyá bá ń rin ọmọ.

Ìmọ̀ràn yìí tọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n gbé e wá sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nínú àwọn ìdánwò náà, agbẹ̀bí kan sábà máa ń dúró ti obìnrin kan, ó sì ń gbọ́ ọkàn ọmọ ní àsìkò tí ó yẹ. Níbi tí nọ́ọ̀sì kan bá ń tọ́jú obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà, gbígbọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kò ṣeé ṣe, nítorí náà ohun tí wọ́n fi wé CTG nínú ìwé kì í ṣe ohun tí ó wà nínú wọ́ọ̀dù. Kókó kejì ni pé òye ojú ènìyàn lórí pépà, nígbà ìrọbí, ni wọ́n dán wò. Ìyàtọ̀ àárín ìlù tí wọ́n wọ̀n pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, fún obìnrin tí oyún rẹ̀ wà nínú ewu, jẹ́ ìbéèrè mìíràn tí kò yẹ kí wọ́n fi ìdáhùn ti àkọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́.

Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 535,619 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú àti 181,409 ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ilé tí ó sì ti gba oko láti ìgbà náà fi hàn pé wọ́n ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn gbogbogbò wà ní Ìkòròdú, Ìjẹ̀dẹ̀, Àgbówà àti Ẹ̀pẹ́. Ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni, àti àwọn ìyá abiyè tí Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ń forúkọ wọn sílẹ̀ tí ó sì ń dá lẹ́kọ̀ọ́. Ìwádìí ìlera gbogbo Nàìjíríà ti ọdún 2018 rí i pé 39 nínú ọgọ́rùn-ún ìbí péré ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn, àti pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 39 ni kò rí ọjọ́ 28. Èkó sàn ju ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè lọ, ṣùgbọ́n obìnrin tí ìrọbí mú ní abúlé etí omi tí ó ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó dé òpópónà Ìtòìkín kò jìnnà sí ìpíndọ́gba náà bí ẹni tí ń gbé ní Ìkẹjà.

Àwọn ohun tí ń da ìwọ̀n yìí rú ní àgbègbè náà tó ohun tí wọ́n ń kọ ìwé lé lórí. Ibà ni àkọ́kọ́. Nígbà tí ara ìyá bá gbóná nítorí ibà ẹ̀fọn, ọkàn ọmọ yóò yára, ó lè kọjá 160. Ọkàn ìyá pẹ̀lú yóò yára, ó lè dé 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó ti wọ inú ààlà tí ó yẹ kí ti ọmọ wà. Ẹ̀rọ Doppler kò mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ. Ó lè gba ìlù ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ìyá kí ó sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ, ọmọ lè ti kú kí pépà ṣì máa jáde pẹ̀lú ìlà tí ó dára. Oògùn rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀: kí nọ́ọ̀sì fi ìka di ọrùn ọwọ́ ìyá mú nígbà tí ó ń gbọ́ ti ọmọ, kí ó sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Iná ni ohun kejì. Ẹ̀rọ CTG ń fẹ́ iná tí kò ṣẹ́jú, pépà tirẹ̀ àti jẹ́lì. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá tán, ẹ̀rọ olówó ńlá a di ohun tí wọ́n ń gbé aṣọ lé. Ìwádìí kan ní Kampala, ní Ùgáńdà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, fi Doppler tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kí ó tó ṣiṣẹ́ wé fèrè Pinard. Doppler náà rí ọ̀pọ̀ ìlù tí kò tọ́ ju fèrè lọ, ṣùgbọ́n iye ọmọ tí ó kú kò dín kù ní kedere.

Èsì Kampala yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń ra ẹ̀rọ fún Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ rò jinlẹ̀. Láàárín ìgbà tí ẹ̀rọ bá sọ pé ewu wà àti ìgbà tí ọmọ bá jáde, ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀, oníṣègùn tí ń kunni lóorun àti yàrá iṣẹ́ abẹ tí iná wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé. Bí wákàtí mẹ́rin bá wà láàárín méjèèjì, ìwọ̀n tí ó péye dé mìlísẹ́kọ́ǹdù kò ní ohun tí yóò ṣe. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ń wọn ìyàtọ̀ àárín ìlù yẹ kí ó wà ní ibi tí iṣẹ́ abẹ wà, fún àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tí wọ́n ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ bí sickle cell, tí ọmọ inú wọn kò dàgbà, tàbí tí ọmọ wọn ti dín ìyírapadà kù; ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, Doppler alámùúlọ́wọ́ àti nọ́ọ̀sì tí ó tó iṣẹ́ ni ó yẹ kí owó lọ sí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá abiyè kò ṣeé fò. Ní Guatemala, Gari Clifford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn agbẹ̀bí Máyà ní fóònù, Doppler olówó pọ́ọ́kú àti ohun ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú àwòrán dípò ìwé fún àwọn tí kò mọ̀wé. Fóònù ń gba ìró ọkàn sílẹ̀, ó sì ń so agbẹ̀bí mọ́ ilé ìwòsàn. Iye aboyún tí wọ́n ń darí lọ sí ilé ìwòsàn pọ̀ sí i. Kò sí ohun tí ó ní kí irú rẹ̀ má ṣeé ṣe ní Ìmọ̀tà tàbí Ẹ̀jìnrìn, níwọ̀n ìgbà tí ìyá abiyè bá mọ̀ pé wọn kò ní fi obìnrin tí òun darí wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń lọ sọ́dọ̀ ìyá abiyè nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń rí níbẹ̀, ètò ìwọ̀n èyíkéyìí tí kò bá ka èyí sí yóò kùnà.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti ẹni tí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ dá ààlà mìlísẹ́kọ́ǹdù náà sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin Oxford ni wọ́n fi kọ́ ètò Dawes àti Redman. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òfin ìrọbí fi hàn bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣọ́ra: láti ìgbà iṣẹ́ Emanuel Friedman ní New York ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀nà ilé ọmọ gbọ́dọ̀ máa là ní sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan. Ìwádìí kan tí Olúfẹ́mi Ọládàpọ̀ darí, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù, ojú ọ̀nà Ìkòròdú, kí ó tó lọ sí WHO, tọ àwọn obìnrin lẹ́yìn ní ilé ìwòsàn 13 ní Nàìjíríà àti Ùgáńdà ní 2014 sí 2015. Nínú àwọn 5,606 tí wọ́n yẹ ìrọbí wọn wò, ọ̀pọ̀ ni ọ̀nà wọn là lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n sì bí láyọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ààlà mìlísẹ́kọ́ǹdù 3 tọ́ fún ọmọ Ìkòròdú gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́ fún ti Oxford, nítorí iṣan fégọ́ọ̀sì kò mọ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ ìyá àti oyún tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò dájú nítorí pé skáànì kò tètè wáyé lè yí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n kà á padà. Ní Áfíríkà, Ìwádìí Safe Passage tí ó wáyé láti 2007 sí 2015 ní Cape Town àti ní àríwá Amẹ́ríkà, lórí oyún tí ó tó nǹkan bí 12,000, ti fi hàn pé wọ́n lè gba iná ọkàn ọmọ láti ara ikùn ìyá ní ìgbà mẹ́ta nínú oyún kan láàárín àwọn tí kò lówó lọ́wọ́.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ẹ̀pẹ́, Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n sọ di yunifásítì ní 2022, sì wà ní Ìkòròdú, méjèèjì kò jìnnà sí ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe pọ̀ kò nílò ẹ̀rọ tuntun kankan: pípa àkọsílẹ̀ CTG tí ó ti ń jáde lójoojúmọ́ mọ́. Pépà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́ sí jẹ́ irú èyí tí ooru ń kọ, ooru àti ìmọ́lẹ̀ sì ń pa á rẹ́ láàárín ọdún díẹ̀, nítorí náà kí wọ́n máa ya àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó jáde, kí wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ oyún, ìgbóná ara ìyá, ìlù ọkàn ìyá àti abẹ́rẹ́ tí ó gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí abẹ́ rẹ̀, bí ọmọ ṣe sunkún sí àti bí ó ṣe rí lẹ́yìn ọjọ́ 28.